Irun Lhasa l'Ábùjá: bẹ́ ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀ tí ò ní di dàda

Ẹ̀yin èèyàn mi tẹ́ ẹ ní ajá kékeré onírun gígùn nílé, ì báà ṣe Lhasa, ì báà ṣe Shih Tzu tàbí Maltese, tàbí èyí tí wọ́n tà fún yín pé Lhasa ni tó sì jẹ́ pé àdàlù ni, ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú dání kẹ́ ẹ tó ka ìyókù: ìdí irun ni iṣẹ́ wà, kì í ṣe ṣónṣó ẹ̀. Irun ajá lè máa dán lókè, kẹ́ ẹ fọwọ́ pa á kó rọ̀ múlọ́múlọ́, kó sì jẹ́ pé lábẹ́ níbẹ̀, níbi tó ti ń hù jáde lára awọ, gbogbo ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra pátápátá. Mo ti rí i lọ́dọ̀ àwọn èèyàn tó fẹ́ràn ajá wọn gan-an o, tí wọ́n ń fi bọ́rọ́ṣì kan ara ẹ̀ láràárọ̀, tí wọ́n ń ra ṣampú olówó gọbọi, síbẹ̀ tí wọ́n bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gé irun ajá ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n á gbọ́, pé kò sí ọgbọ́n mìíràn mọ́, àfi ká fá a kodoro. Ó máa ń dùn mí. Kì í ṣe pé wọ́n ya ọ̀lẹ, ẹnikẹ́ni ò fi ibi tó yẹ kí ooyà dé hàn wọ́n ni.

Irun yìí kì í ṣe irun ojú ọjọ́ wa. Láti Tibet ni Lhasa ti wá, ìlú Lhasa tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn ga ju òkun lọ ní mítà tó lé ní 3,600, òtútù ibẹ̀ kì í ṣe kékeré, ìyẹn ni irun ẹ̀ ṣe jẹ́ ìpele méjì: èyí tó gùn tó le díẹ̀ lókè, èyí tó rọ̀ tó kún lábẹ́. Ó kàn ń gùn lọ ni. Kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ já sórí rọ́ọ̀gì àti àga bíi ti àwọn bíńgò wa, àwọn èèyàn fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ irun tó ti kú tí ò já sílẹ̀, ibo lẹ rò pó ń lọ? Inú irun tó wà láàyè ló ń há sí, ó ń lọ́ mọ́ ọn, eruku pupa Ábùjá á bá a níbẹ̀, itọ́ tó fi ń lá ara ẹ̀ á bá a, ó parí nìyẹn. Ìgbà tó le jù ni nǹkan bí oṣù 8 sí ọdún 1, nígbà tí irun ọmọdé ń kúrò tí ti àgbà ń wọlé. Ajá tẹ́ ẹ ti ń yarun ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tí ò sí wàhálà á kàn ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í ta kókó káàkiri ara, ẹ má bínú sí i, ẹ má sì rò pé ṣampú yín ló bàjẹ́, àsìkò ẹ̀ ni, ojoojúmọ́ lẹ máa yà á títí ìyẹn á fi kọjá.

Irinṣẹ́ ò pọ̀. Ooyà onírin tí eyín ẹ̀ pín sí méjì, apá kan fẹ̀, apá kejì há, òun ni ọ̀gá gbogbo wọn, tówó bá wà fún ẹyọ kan ṣoṣo òun ni kẹ́ ẹ rà. Lẹ́yìn ẹ̀ ni bọ́rọ́ṣì tí wọ́n ń pè ní slicker, èyí tó ní wáyà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tórí ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ máa rí méjèèjì ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta oúnjẹ ajá, Wuse 2, Gwarinpa, Garki, ẹ̀yin ará Kubwa àti Lugbe náà ẹ bèèrè lọ́dọ̀ dókítà ẹran tó wà ládùúgbò yín, ọ̀pọ̀ wọn ló ń tà á. Ẹ tún wá ìgò tí wọ́n fi ń fọ́n omi, irú èyí tí àwọn báábà ń lò, sísọ́ọ̀sì kékeré tí ẹnu ẹ̀ ò ṣóńṣó, òwú, àti táwẹ̀lì méjì tó jẹ́ tiẹ̀ nìkan. Ooyà oníke tẹ́ ẹ fi ń yarun tiyín ò lè ṣiṣẹ́ yìí, ṣe ló máa ń yọ̀ kọjá lórí irun tẹ́ ẹ á rò pé ẹ ti yà á.

Ó yá, ká lọ sórí yíyà gan-an, torí ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà.

Ẹ má ya irun gbígbẹ. Ẹ bu omi sínú ìgò yẹn, ẹ kán kọndíṣọ́nà díẹ̀ sí i, ẹ mì ín pọ̀, ẹ wá fọ́n ọn fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ sí ibi tẹ́ ẹ fẹ́ yà, kì í ṣe kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ gbingbin o, kó kàn tutù lọ́wọ́ ni. Ẹ gbé ajá sórí tábìlì, ẹ tẹ́ táwẹ̀lì tàbí rọ́bà sábẹ́ ẹ̀ kó má yọ̀, ọwọ́ yín kan ò sì gbọdọ̀ kúrò lára ẹ̀ rárá, ajá kékeré tó bá bẹ́ látorí tábìlì lè kán lẹ́sẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Láti ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ lẹ máa bẹ̀rẹ̀, ẹ máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan gbé gbogbo irun òkè sókè kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ra, kó wá ku ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan nísàlẹ̀ tí ẹ ti lè fi ojú yín rí awọ, ìlà yẹn nìkan lẹ máa yà, ṣónṣó ẹ̀ lẹ máa kọ́kọ́ tú kẹ́ ẹ tó sún mọ́ ìdí, kẹ́ ẹ sì fi ìka di ìdí irun náà mú bí onídìrí ṣe máa ń dì í mú fún ọmọ tórí ń dùn, kó má fa awọ. Tó bá ti ń lọ geere, ẹ já ìlà mìíràn sílẹ̀ látọwọ́ yín, ẹ yà á, ẹ tún já òmíràn, títí ẹ á fi dé ẹ̀yìn. Tí ẹ ò bá rí awọ ẹ, ẹ ò tíì ya nǹkan kan níbẹ̀.

Bọ́rọ́ṣì la fi ń tú u, ooyà la fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tẹ́ ẹ bá rò pé ẹ ti ṣe tán, ẹ mú ooyà onírin yẹn, apá tí eyín ẹ̀ fẹ̀, ẹ tì í wọlé kó kan awọ, ẹ fà á jáde títí dé ṣónṣó. Tó bá kọ́ níbì kan, ibẹ̀ ò tíì tán. Tó bá gba ibi gbogbo kọjá, ẹ wá fi apá tó há tún un ṣe. Ibi táwọn èèyàn máa ń fò ni ibi tí kókó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ jù: ẹ̀yìn etí, abíyá, inú itan, abẹ́ àgbọ̀n, ìdí ìrù, àti gbogbo ibi tí bẹ́líìtì ọrùn tàbí okùn àyà ti ń ha á. Ẹ bọ́ bẹ́líìtì yẹn tó bá ti wọlé sùn, ìdajì wàhálà ọrùn ti lọ nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ méjì dáa fún irun tó gùn, èyí tí wọ́n ti gé kúrú lè tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan sì sàn ju wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ Sátidé kan ṣoṣo, torí ajá á sú, ẹ̀yin náà á sú, ẹ máa wá fagbára ṣe é, látìgbà yẹn lọ tó bá ti rí bọ́rọ́ṣì ó ti sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ fi ẹ̀dọ̀ adìẹ bíbọ̀ díẹ̀ tàn án lẹ́nu láàárín iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ àdúgbò kan rèé o, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú kọ́ńpáùndù tí a jọ ń gbé: irun tẹ́ ẹ yà kúrò, ẹ kó o sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ so ó. Afẹ́fẹ́ ibí ò mọ ojú ẹnìkan, aṣọ tí wọ́n sá lókùn ló máa gbé e lọ, ọ̀pọ̀ aládùúgbò wa tó jẹ́ Mùsùlùmí ni ò sì fẹ́ kí nǹkan ajá kan aṣọ tí wọ́n fi ń kírun. Inú ilé tàbí bákónì yín ni kẹ́ ẹ ti ṣe é. Àlàáfíà yẹn á ran ajá yín náà lọ́wọ́.

Èyí tó bá wá ti di dàda ńkọ́? Ẹ má fi omi kàn án. Mo tún un sọ: ẹ má wẹ ajá tírun ẹ̀ ti ta kókó lérò pé ṣampú á tú u, omi ló máa ń mú un le sí i, tó bá wá gbẹ tán á fún pọ̀ débi pé ọwọ́ ò ní ràn án mọ́. Yíyà ni kó ṣáájú wíwẹ̀, nígbà gbogbo. Ẹ wọ́n kọ́ńfláwà gbígbẹ díẹ̀ sórí kókó náà tàbí kẹ́ ẹ fi kọndíṣọ́nà pa á, ẹ fi ìka fà á ya láti ẹ̀gbẹ́ kẹ́ ẹ má fà á lókè, ẹ pín in sí méjì, ẹ pín in sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá fi eyín ìkangun ooyà máa tú u látìsàlẹ̀. Ó ń gba sùúrù. Tó bá ti lẹ̀ mọ́ awọ pátápátá tí ooyà ò rí ibi wọlé, ẹ má fìyà jẹ ẹ́ mọ́, kílípà ni ọ̀nà àbáyọ, irun á tún hù. Àmọ́ ẹ dákun, ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e. Dàda tó ti sún mọ́ra máa ń fa awọ sókè wọ inú ara ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀, ẹ máa rò pé irun lẹ ń gé, awọ ajá tó fẹ́lẹ́ bí nǹkan mìíràn lẹ ti gé lulẹ̀ yẹn, ibi abíyá àti ẹ̀yìn etí ló sì ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù. Tí kò bá sí kílípà rárá, ẹ ki ooyà bọ àárín awọ àti kókó náà, kẹ́ ẹ wá gé e lórí ooyà yẹn. Tí ooyà ò bá wọlé, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó ní kílípà.

Wíwẹ̀ wá kàn. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ti tó. Ṣampú ajá ni kẹ́ ẹ lò, ìdí ẹ̀ nìyí: awọ tiwa ní kíkan díẹ̀, pH ẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó máa ń kéré bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i, wà ní nǹkan bíi 5.5, ti ajá sún mọ́ 7, ọṣẹ tí wọ́n sè fún wa kì í bá a lára mu, ó máa ń mú awọ ẹ̀ gbẹ tó máa fi máa yún un. Ọṣẹ dúdú náà, mo mọ̀ pé ìyá ẹlòmíràn ló kó o wá láti Ìbàdàn tàbí Òṣogbo, ẹ fi wẹ ara yín ó dáa, ṣùgbọ́n ó ti le jù fún ajá. Kẹ́ ẹ má wá sọ Izal, ọṣẹ ìfọṣọ àti Dettol tí wọn ò pò tó, ìwọ̀nyẹn máa ń jó o lára, ajá sì máa lá a lẹ́yìn náà.

Ẹ ti òwú wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí ẹnu ihò etí ẹ̀ kí omi má wọ̀ ọ́, ẹ rántí yọ ọ́ o. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fi ọwọ́ yín tọ́ ọ wò. Ẹ po ṣampú mọ́ omi nínú kọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó dà á sí i lára, torí omi borehole tó pọ̀ l'Ábùjá máa ń le, ọṣẹ ò ní hó dáadáa, ẹ á wá máa da ṣampú sí i lọ́pọ̀, èyí tó kù nínú irun ló máa jẹ́ kó máa họra lọ́jọ́ kejì. Ẹ máa fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lọ sísàlẹ̀ bí irun ṣe hù ni, ẹ má bó o bí ẹni ń fọ rágì, ìbó yẹn ló ń so kókó tuntun. Ẹ ṣan án. Tẹ́ ẹ bá rò pé ó ti mọ́, ẹ tún ṣan án, abẹ́ ikùn àti abíyá ni ọṣẹ máa ń sá pamọ́ sí. Kọndíṣọ́nà lẹ́yìn ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ ya irun nígbà tó ṣì wà lára, ẹ ṣan án kúrò.

Gbígbẹ ni iṣẹ́ tó ṣòro jù níbí yìí, ẹ sì mọ ẹni tó fà á. Ẹ fi táwẹ̀lì wé e, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí omi jáde, ẹ má fi pa á síwá sẹ́yìn. Ẹ wá fi dráyà gbẹ ẹ́ lórí kúùlù tàbí ooru tó kéré jù lọ, kẹ́ ẹ máa ya á bó ṣe ń gbẹ. Dráyà tó jẹ́ 1,500 watts, jẹnẹrétọ̀ kékeré I-better-pass-my-neighbour ò lè gbé e, ẹ máa pa jẹnẹrétọ̀ yẹn fúnra yín ni. Torí náà tí NEPA bá ti ń ṣe tọ̀ún, àárọ̀ lẹ máa wẹ̀ ẹ́, nǹkan bí aago 9 tàbí 10, kí ọjọ́ tó ku fi gbẹ ẹ́, ẹ gbé e síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí lábẹ́ ibòji, fáànù náà á ràn án lọ́wọ́, ẹ má so ó sínú oòrùn ọ̀sán gangan pé kó yára gbẹ. Ajá tímú ẹ̀ tẹ̀ bíi Shih Tzu kì í lè mí dáadáa nínú ooru, ẹ ò sì gbọdọ̀ tì í mọ́ inú kéèjì kẹ́ ẹ tan dráyà sí i kẹ́ ẹ wá lọ gbọ́ ìpè, ajá ti kú bẹ́ẹ̀ rí. Lóru, ẹ má wẹ̀ ẹ́. Irun tó bá sùn mọ́jú pẹ̀lú omi lábẹ́ máa ń rùn, awọ á pọ́n, á bẹ̀rẹ̀ sí í bó, ọ̀rinrin ìgbà òjò á tún jẹ́ kó burú sí i.

Ibùsùn ẹ̀ náà, ẹ sá a sórí okùn, ẹ má tẹ́ ẹ sórí koríko tàbí yẹ̀pẹ̀, kó gbẹ dénú, kẹ́ ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Eṣinṣin kan wà tí wọ́n ń pè ní mango fly, orí yẹ̀pẹ̀ tó ti ní ìtọ̀ àti aṣọ tó tutù ló máa ń yé ẹyin sí, ìdin ẹ̀ á gun awọ wọlé, á wú bí eéwo tó ní ihò lórí. Ọmọ ajá ló máa ń mú jù, nínú irun gígùn ẹ ò sì ní tètè rí i, ọwọ́ yín ló máa kọ́kọ́ bà á lásìkò yíyà.

Bí ojú ọjọ́ bá ṣe ń yí níbí náà lọwọ́ yín máa yí. Nígbà ọyẹ́, láti bíi oṣù 11 lọ sí oṣù 2, irun á gbẹ táútáú, á máa já, á máa fò lé ooyà, ẹ dín wíwẹ̀ kù sí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, kẹ́ ẹ fi ìgò omi àti kọndíṣọ́nà yẹn dípò. Àwọn kan máa ń fi àdí àgbọn pa gbogbo irun lásìkò yìí, mi ò gbà á níyànjú, òróró àti eruku ọyẹ́ tí wọ́n bá pàdé, ẹrẹ̀ ni wọ́n máa dà. Òrí díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀ tó ń sán nìkan, ìyẹn dáa. Ẹ̀yin ará Kano, Katsina àti Sokoto tí ọyẹ́ tiyín le ju ti wa lọ, ẹ tún máa fi aṣọ tó tutù nu ojú àti imú ẹ̀ lálẹ́.

Nígbà tí ooru oṣù 3 àti 4 bá wọlé, ohun àkọ́kọ́ tó ń wá séèyàn lọ́kàn ni ká fá gbogbo ẹ̀ dànù kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ẹ gé e kúrú, àní mo fọwọ́ sí i, kò sí ìdí tí ajá inú ilé l'Ábùjá fi gbọ́dọ̀ máa wọ́ irun nílẹ̀ bí ajá ìdíje. Ṣùgbọ́n ẹ má dé awọ. Kó ku bíi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3, torí irun yẹn ló ń dáàbò bo awọ lọ́wọ́ oòrùn, Lhasa funfun tí wọ́n fá dé awọ, oòrùn máa jó o ni. Ẹ mú un jáde kí oòrùn tó mú tàbí lẹ́yìn ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé ẹ̀yìn ọwọ́ yín lé títì fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 7, tí ẹ ò bá lè fara dà á, àtẹ́lẹsẹ̀ ajá náà ò lè fara dà á.

Ìgbà òjò ló ní èèmọ́. Tó bá wọ inú koríko lẹ́ẹ̀kan, ó ti kó o wálé nìyẹn, kò sí èèmọ́ tó mọ̀ pé irun Lhasa kì í ṣe ṣòkòtò, ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ bá fi sílẹ̀ máa di ìdí kókó lọ́la. Ẹ yọ ọ́ kó tó gbẹ. Ẹ wo àárín ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa, irun tó ń hù láàárín àtẹ́lẹsẹ̀ yẹn, ẹ gé e kó bá àtẹ́lẹsẹ̀ dọ́gba, ẹrẹ̀ ò ní rí ibi dì mọ́, kò sì ní máa yọ̀ lórí táìsì.

Eégbọn wá ńkọ́? Òjò tàbí ẹ̀ẹ̀rùn, eégbọn wà l'Ábùjá, irun gígùn sì ni ilé tó wù ú jù. Nígbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń ya irun, ẹ fi ìka wá a: inú etí, ìgbátí ojú, abẹ́ bẹ́líìtì ọrùn, abíyá, àárín ìka ẹsẹ̀, abẹ́ ìrù. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ fi ẹ̀mú kékeré dì í mú níbi tó ti sún mọ́ awọ jù, ẹ fà á sókè tààrà láì yí i, ẹ jù ú sínú spirit, ẹ má fi èékánná tẹ̀ ẹ́ pa. Kẹrosíìnì kọ́, iná siga kọ́, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọ́. Òtápiápiá tí wọ́n ń tà kiri nínú igo kékeré yẹn, ẹ má dán an wò lára ajá láéláé, májèlé ni, awọ ni ajá fi ń fà á mu, tó bá tún lá ara ẹ̀ ó parí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ nípa eégbọn ajá yìí ni pé inú ilé yín ló ń gbé, kì í ṣe ara ajá nìkan. Ó mu ẹ̀jẹ̀ yó, ó já bọ́, ó wọ inú ihò ògiri tàbí ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ó yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún síbẹ̀. Ẹ lè fún ajá lóògùn lónìí kó tún kún fún eégbọn lóṣù tó ń bọ̀ torí ògiri lẹ ò tọ́jú. Ẹ gbá gbogbo kọ̀rọ̀, ẹ dí ihò ògiri, ẹ fi omi gbígbóná fọ ibùsùn ẹ̀, kẹ́ ẹ wá gba oògùn lọ́wọ́ dókítà ẹran gẹ́gẹ́ bí ajá yín ṣe wúwo tó, torí ìwọ̀n ajá ńlá lè pa ti kékeré. Tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n ń kán sẹ́yìn ọrùn, ẹ má wẹ ajá ní ọjọ́ méjì ṣáájú àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀. Tí ológbò bá wà nílé, ẹ sọ fún dókítà, permethrin tó wà nínú àwọn oògùn ajá kan máa ń pa ológbò. Eégbọn yìí ló ń gbé àrùn Ehrlichia àti Babesia kiri, tẹ́ ẹ bá rí i pé erìgì ẹ̀ ti funfun, ara ẹ̀ ń gbóná, kò jẹun, ìtọ̀ ẹ̀ dúdú bíi kọfí, ẹ má dúró dọ̀la.

Ojú àti ẹnu, lójoojúmọ́. Omi sísè tó ti tutù, òwú kan fún ojú ọ̀tún, òmíràn fún ti òsì, ẹ nu ìpín àti omijé kúrò kó tó gbẹ. Àwọ̀ pupa ràkọ̀ràkọ̀ tó máa ń wà lábẹ́ ojú ajá funfun, inú omijé ló ti ń wá, ẹ má fi Hypo tàbí nǹkan ìbóra kankan bó o, ẹ kàn máa jẹ́ kí ibẹ̀ gbẹ. Ẹ gé irun tó ń gún un lójú tàbí kẹ́ ẹ fi rọ́bà tó rọ̀ so ó sókè, kó má le jù, tí ìpéǹpéjú ẹ̀ bá ń fà sókè ẹ tú u. Ojú Shih Tzu yọ síta, ó sì tètè ń fara gbọgbẹ́, tó bá ń pa á dé tàbí tí ìpín ẹ̀ di àwọ̀ ewé, ọjọ́ yẹn náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ, ẹ má kán oògùn ojú tó kù nílé sí i, èyí tó bá ní steroid máa ń ba egbò ojú jẹ́ sí i. Irùngbọ̀n ẹ̀, ẹ nù ún lẹ́yìn oúnjẹ. Eyín, bọ́rọ́ṣì rírọ̀ àti péésìtì ajá, torí xylitol tó wà nínú péésìtì tiwa míì májèlé ni fún un.

Etí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, òwú tẹ́ ẹ wé mọ́ ìka, ibi tí ìka dé náà ni kẹ́ ẹ dúró, ẹ má ki igi òwú bọ̀ ọ́. Tó bá ń rùn, tó ń gbọn orí tàbí tí nǹkan dúdú wà níbẹ̀, dókítà ni. Èékánná ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin: inú ẹ̀ ní ẹran tó ní ẹ̀jẹ̀, nínú èékánná funfun ẹ máa rí i bó ṣe pọ́n, nínú dúdú ẹ ò ní rí i, torí náà ẹ máa gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tẹ́ ẹ bá ti rí àmì dúdú kékeré tó tutù láàárín ojú ibi tẹ́ ẹ gé, ẹ dúró. Tó bá ṣẹ̀jẹ̀, ẹ fi kọ́ńfláwà tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èékánná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ lókè kì í kan ilẹ̀, ẹ má gbàgbé ẹ̀, ó lè yí wọ inú ẹran. Irun ìdí àti ti ibi tó ń gbà tọ̀, ẹ jẹ́ kó kúrú nígbà gbogbo.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e fún ẹni tó ń gé irun ajá, àwọn tó ń wá sílé pọ̀ báyìí, ẹ má sọ fún un pé "ẹ bá mi gé e kúrú", kúrú tiyín lè yàtọ̀ sí tiẹ̀. Ẹ fi ìka hàn án, ẹ sọ iye sẹ̀ǹtímítà. Ẹ bèèrè ohun tó fi ń fọ abẹ kílípà ẹ̀ láti ara ajá kan sí òmíràn. Ẹ dúró wò ó lẹ́ẹ̀kan ó kéré tán. Tó bá ní òun máa fún un lábẹ́rẹ́ oorun kó lè dúró jẹ́ẹ́, tí kì í sì í ṣe dókítà ẹran, ẹ gba ajá yín. Ọ̀rọ̀ awọ tí ò lọ bọ̀rọ̀, irun tó ń pá, ara yíyún tí ò dáwọ́ dúró, ilé ìwòsàn ẹranko ti yunifásítì wà ní Gwagwalada, ẹ̀yin ará Kaduna àti Kano ní ti ABU Zaria nítòsí, ó wà ní Sokoto àti Maiduguri náà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ọmọ ajá wálé, ẹ má dúró dìgbà tírun ẹ̀ bá gùn. Ẹ máa fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ẹ̀, etí ẹ̀, ẹnu ẹ̀ lójoojúmọ́ nígbà tó bá ti jẹun yó tó ń tòògbé. Ẹ gbé ooyà sílẹ̀ níbi tó ti ń ṣeré kó gbóòórùn ẹ̀. Ẹ tan kílípà lókèèrè nígbà tó ń jẹun, ẹ má fi kàn án, títí dìgbà tí ò ní gbé orí sókè láti wò ó mọ́, kẹ́ ẹ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kan ara ẹ̀, láti ẹ̀yìn, kì í ṣe láti ojú.